Ìdí tí Ilé Àyẹ̀wò Fi Ṣì Ń Gbin Kòkòrò Ikọ́ Ahúbì

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe níbí ní Atlanta, ẹ sì mọ̀ pé mo fẹ́ràn ìtàn. Ti òní dá lórí ikọ́ ahúbì, èyí tí Òyìnbó ń pè ní whooping cough.

Ọmọ á wúkọ́, á wúkọ́, á fa èémí sínú pẹ̀lú ariwo, á sì bì. Àmọ́ ìkókó lè má wúkọ́ rárá; ṣe ni èémí rẹ̀ á kàn dúró. Ojú lásán ò tó láti fi mọ̀ ọ́n.

Ní 1906, ní Brussels, Jules Bordet àti Octave Gengou rí ọ̀nà láti gbin kòkòrò rẹ̀ sórí àwo. Ní 1932, ní Grand Rapids, ní ìpínlẹ̀ Michigan, obìnrin méjì, Pearl Kendrick àti Grace Eldering, gbé irú àwo bẹ́ẹ̀ lọ bá àwọn ọmọ nínú ilé wọn, lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, níbi tí ilé mìíràn ti jẹ́ àtùpà kẹrosíìnì ni wọ́n ń tàn. Wọ́n á gbé àwo síwájú ẹnu ọmọ kó wúkọ́ sí i, wọ́n á sì máa wò ó bóyá kòkòrò á hù. Àwo yẹn ló ń sọ ìgbà tí ọmọ ò ní lè kó o ran ẹlòmíì mọ́. Lára kòkòrò tí wọ́n gbìn náà ni wọ́n ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, obìnrin adúláwọ̀ kan, Loney Clinton Gordon, dara pọ̀ mọ́ wọn. Ó yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwo wò, ó sì rí ẹ̀yà kòkòrò tó mú abẹ́rẹ́ náà lágbára sí i.

Ní 1934, ó lé ní 260,000 èèyàn tí àkọsílẹ̀ Amẹ́ríkà sọ pé ó ní in. Ní 1976, wọn ò ju ẹgbẹ̀rún kan àti díẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò PCR dé. Kì í dúró kí kòkòrò hù. DNA rẹ̀ ló ń wá, ó sì lè fèsì lọ́jọ́ kan. Àwo lè gbà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ta ni kò ní yan èyí tó yá?

Ní 2006, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn Dartmouth-Hitchcock ní New Hampshire. Wọ́n fi PCR yẹ nǹkan bí 1,000 òṣìṣẹ́ wò, wọ́n sì sọ fún 142 pé ikọ́ ahúbì ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún gba oògùn àti abẹ́rẹ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n gbìyànjú láti gbin kòkòrò náà, kò sí ìkankan tó hù. CDC, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà níbí ní Atlanta láti 1946, bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdágìrì lásán ni. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

PCR kì í ṣe ọ̀tá. Òun ló ń gba ọ̀pọ̀ ìkókó là, torí pé ó tètè ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú débi pé DNA inú abẹ́rẹ́ àjẹsára tó kán sórí tábìlì lè tàn án jẹ. Ìdí nìyẹn tí CDC fi ní ká má ṣe pèsè abẹ́rẹ́ níbi tí a ti ń ti òwú bọ imú aláìsàn.

Ohun mìíràn tún wà. Kòkòrò tí wọ́n gbìn ló jẹ́ kí CDC rí i pé ọ̀pọ̀ kòkòrò yìí ní Amẹ́ríkà ti pàdánù pertactin, ọ̀kan lára ohun tí abẹ́rẹ́ ń kọ́ ara wa láti dá mọ̀. Abẹ́rẹ́ ṣì ń dáàbò bò wá. Àmọ́ bí gbogbo ilé àyẹ̀wò bá pa àwo tì, ta ló máa rí ìyípadà tó ń bọ̀?

Nítorí náà, bí ikọ́ ọmọ bá ń mú kó bì, tàbí tí èémí ìkókó ń dúró, ẹ má fi àgbo dá a dúró fún oṣù kan. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni kòkòrò ń hù dáadáa lórí àwo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, PCR náà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i mọ́. Ẹ tètè gbé e lọ, kí ilé àyẹ̀wò lè rí òótọ́ sọ fún yín.