Cape Verde: Wo bí Sal, erékùṣù tí kò ní odò, ṣe di ibi tí àlejò ti ń wá jẹun létí òkun

Ní ìlú Santa Maria, ní erékùṣù Sal, afárá onígi kan wà tó na wọ inú òkun. Orí rẹ̀ ni àwọn apẹja ti máa ń já ẹja wọn kalẹ̀ láàárọ̀, tí àwọn obìnrin yóò ha ìpẹ́ rẹ̀, tí wọn yóò sì gé e fún ẹni tó bá fẹ́ rà. Kó tó di ọ̀sán, púpọ̀ nínú ẹja náà ti dé orí iná ní àwọn ilé oúnjẹ tó wà létí òkun.

Sal jẹ́ ọ̀kan lára erékùṣù mẹ́wàá tó para pọ̀ jẹ́ Cape Verde, orílẹ̀èdè tó wà nínú agbami òkun lápá ìwọ̀ oòrùn Senegal, tó sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ECOWAS. Lọ́dún 2023, àwọn àlejò tó wọ ilé ìtura ní Cape Verde lé ní mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo èèyàn orílẹ̀èdè náà kò ju bíi ìdajì mílíọ̀nù lọ.

Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìtàn, ilẹ̀ tí ebi ti pa èèyàn gan-an ni àwọn àlejò yìí ń wá jẹun sí.

Iyọ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n

Ọdún 1460 ni àwọn Pọtogí dé Sal. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ilẹ̀ náà tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò ní odò, òjò kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀. Kò sí ohun tí àgbẹ̀ lè fi í ṣe.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni iyọ̀, òun náà sì ni ìtumọ̀ orúkọ erékùṣù náà lédè Pọtogí. Ní Pedra de Lume, omi òkun máa ń sun wọ inú kòtò òkè ayọnáyèéfín kan tó ti kú tipẹ́. Bí oòrùn bá fa omi náà gbẹ, iyọ̀ ni yóò kù. Lọ́dún 1804, wọ́n gbẹ́ ihò gba ara òkè náà kọjá kí wọ́n lè máa kó iyọ̀ jáde. Àwọn ẹrú ló ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1830 ni wọ́n tẹ Santa Maria dó, nítorí iyọ̀ kan náà.

Brazil ni wọ́n ń ta púpọ̀ nínú iyọ̀ náà fún. Nígbà tí Brazil dènà iyọ̀ òkèèrè lọ́dún 1887 láti dáàbò bo tirẹ̀, ọjà dàrú, ọ̀pọ̀ èèyàn sì fi Sal sílẹ̀.

Nígbà tí ìyàn mú

Ní àwọn erékùṣù tó kù, àgbàdo àti ẹ̀wà ni wọ́n ń gbìn. Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, ìyàn dé nìyẹn. Èyí tó mú láàárín 1941 sí 1943, àti èyí tó tẹ̀lé e láàárín 1947 sí 1948, pa èèyàn tó lé ní 40,000, nínú àwọn tí gbogbo wọn kò tó 200,000. Portugal ló ń ṣàkóso wọn nígbà náà.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí kò kú ni wọ́n kó lọ sí oko kòkó ní São Tomé. Ìrìnàjò yẹn ni orin "Sodade" tí Cesária Évora kọ ń sọ. Àlejò tó bá jókòó jẹun lálẹ́ ní Santa Maria, bóyá ni kò ní gbọ́ orin náà, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ebi ló ń gbọ́.

Cachupa, oúnjẹ tí kì í ṣòfò

Inú ọ̀wọ́n oúnjẹ yìí ni cachupa ti gbilẹ̀. Àgbàdo tí àwọn Pọtogí mú wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gún nínú odó kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, wọn yóò sì sè é pẹ̀lú ẹ̀wà fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹni tó bá mọ ègbo àti ẹ̀wà kò ní ṣe àjèjì sí i.

Oríṣi méjì ló wà. Cachupa olówó ni èyí tó ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀, adìyẹ, ọ̀dùnkún àti gbágùúdá nínú. Cachupa mẹ̀kúnnù ni èyí tí kò ní ẹran, tàbí tó ní ẹja díẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni wọn yóò fi òróró àti àlùbọ́sà dín láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí wọn yóò gbé ẹyin lé e lórí. Òun ni oúnjẹ àárọ̀ tí ọ̀pọ̀ àlejò ń béèrè fún báyìí.

Bàálù ló gbé àlejò dé

Lọ́dún 1939, Ítálì kọ́ pápákọ̀ òfurufú sí Sal kí bàálù wọn lè máa sinmi níbẹ̀ bí wọ́n bá ń lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, tí àwọn orílẹ̀èdè Áfíríkà kò jẹ́ kí bàálù ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa gba ojú òfurufú wọn mọ́, Sal ni bàálù náà ń bà sí. Cape Verde kò lé wọn lẹ́yìn tó gba òmìnira lọ́dún 1975, nítorí ó nílò owó náà. Santa Maria ti ní ilé ìtura láti ọdún 1967.

Níbo ni kí àlejò ti jẹun?

Ẹni tó bá fẹ́ ẹja túnà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, kó wá a lọ sí àwọn ilé oúnjẹ tó yí afárá Santa Maria ká. Ní Palmeira, níbi tí èbúté wà, àwọn ilé oúnjẹ kéékèèké tó ń ta ẹja wà níbẹ̀. Espargos, láàárín erékùṣù náà, ni ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé. Cachupa ibẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n sè fún ara wọn.

Ibi tí àlejò bá jẹun ló ń sọ ẹni tí owó yóò kàn. Ọ̀pọ̀ ló ti san owó oúnjẹ àti ibùsùn pa pọ̀ fún ilé ìtura ńlá kí wọ́n tó kúrò nílé, wọn kì í sì í jẹun níta. Ọ̀pọ̀ oúnjẹ tí wọ́n ń gbé síwájú wọn ló ti òkèèrè wá. Omi tí wọ́n ń mu gan-an, omi òkun tí wọ́n yọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò ni.

Ọ̀dá kò sì tíì tán. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí òjò kò rọ̀ dáadáa, tí ogun Ukraine tún sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n, ìjọba Cape Verde kéde ìpò pàjáwìrì lóṣù Kẹfà, ọdún 2022. Owó àlejò wà lára ohun tí orílẹ̀èdè náà fi ń ra oúnjẹ tí ilẹ̀ rẹ̀ kò lè mú jáde. Ẹni tó bá jáde lọ ra àwo cachupa kan ní Espargos ń fi owó náà lé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ́wọ́ tààrà.