Bátìrì Mọ́tò Nínú Pálọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ ò ní gbàgbé pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀. À ń tan rédíò, a sì ń pa á, bí a ti ń tan àtùpà tí a sì ń pa á. Iná igi, iná àtùpà, iná mànàmáná, ọ̀rọ̀ kan náà ni lẹ́nu wa. Torí náà ni mo ṣe gbà pé ìtàn orin nínú ilé wa kì í ṣe ìtàn olórin nìkan. Ta ló ni iná tí orin náà ń jẹ?

Àpótí ohùn tó kọ́kọ́ wọ ọ̀pọ̀ ilé l'Ékòó ò ní bátìrì, kò sì lo iná ilé. Rediffusion ni, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1935. Wáyà ni wọ́n fi ń fa ohùn wá láti ibùdó wọn, inú wáyà yẹn náà sì ni agbára tó fi ń dún wà. Ẹ lè dín ohùn rẹ̀ kù, ẹ ò lè yan ilé-iṣẹ́ mìíràn. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa pè é. Orúkọ yẹn gún gan-an, nítorí ẹni tó ni wáyà ló ni ọ̀rọ̀.

Tránsísítọ̀, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1947, ló já okùn náà. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1960, rédíò kékeré tó ń lo bátìrì gbígbẹ ti dé ọwọ́ àgbẹ̀ lóko. Bátìrì tó bá kú, a máa ń sá a sóòrùn bí ẹni sá èlùbọ́. Á jí díẹ̀, á sì tún kú.

Àwa onímọ̀ èdè mọ ìyà bátìrì tó ń kú. Ẹ̀rọ Uher ti ilẹ̀ Jámánì, tí a máa ń gbé kọ́ èjìká lọ gba ohùn sílẹ̀ lábúlé, bátìrì ńlá márùn-ún ló ń jẹ. Ní ti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú, bí bátìrì bá ti ń rẹ̀, téèpù á máa falẹ̀, ohùn á máa wálẹ̀, ọmọge á di bàbá arúgbó. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ò sọnù. Igbá ṣì jẹ́ igbá, igba ṣì jẹ́ igba, torí pé ohùn òkè kì í ṣe gíga kan pàtó. Ó kàn ga ju ohùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ ni. Gbogbo wọn jọ wálẹ̀ pọ̀. Mi ò rí ìwé tó ṣàlàyé ohùn Yorùbá dáadáa tó bátìrì tó ń kú.

Bátìrì tó ń gba iná padà ti pẹ́ láyé. Gaston Planté, ará Faransé, ló ṣe ti olójé ní 1859. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn Òyìnbó ìlú ọba máa ń gbé bátìrì rédíò wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n bá wọn ṣájì rẹ̀. Ó tó ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà kí èmi tó rí irú rẹ̀ ní Palmgrove níbí, àti ní Ṣómólú àti Bàrígà lẹ́yìn wa, nígbà tí iná ìjọba ò ṣeé gbára lé mọ́. Rédíò mọ́tò tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì, àpótí pákó tí káfíńtà kàn fún sípíkà méjì, bátìrì mọ́tò lábẹ́ tábìlì: Haruna Ishola ti dé pálọ̀ nìyẹn. Bátìrì ń fúnni ní fóòtì 12, fóòtì 12 náà ni rédíò fẹ́. Bátìrì 60 Ah ní nǹkan bíi 720 wáàtì-wákàtí nínú. Bí a bá ná ìdajì, tí rédíò ń jẹ wáàtì 20, orin á dún fún wákàtí 18.

Ìdajì ni mo wí o. Wọ́n ṣe bátìrì mọ́tò láti fi agbára ńlá ta ẹ́ńjìnnì jí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ́ńjìnnì sì dá iná padà fún un. Ẹni tó ń fà á gbẹ lálaalẹ́ ń pa á ni. Iyọ̀ òjé á lẹ̀ mọ́ àwọn pẹpẹ inú rẹ̀, kò ní gba iná bí ó ti yẹ mọ́.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ìlú ń pè ní “I better pass my neighbour” ló lé bátìrì kúrò ní ọ̀pọ̀ pálọ̀. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Ariwo rẹ̀ ń bo orin tí a torí ẹ̀ tàn án. Èéfín rẹ̀ ló burú jù: kábọ́ọ̀nù mónọ́sáídì ò ní òórùn, ó sì ti pa odidi ìdílé mọ́jú oorun nílẹ̀ yìí.

Bátìrì ti padà báyìí, òun pẹ̀lú sólà àti ínfátà. Lítíọ́mù, tí Sony kọ́kọ́ gbé sọ́jà ní 1991, wà nínú sípíkà tí àwọn ọmọ ń gbé kiri. Ínfátà máa ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀: ó ń sọ fóòtì 12 di 230, adápítọ̀ rédíò tún ń sọ 230 di 12. Ooru lásán lohun tó sọnù lójú ọ̀nà.

Àmọ́ ti olójé ò tíì lọ, ibi tí òkú rẹ̀ ń wọlẹ̀ sí ló ń kó mi lọ́kàn sókè. Ní Ògìjo, tí kò jìnnà sí Ìkòròdú, àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń yọ́ òjé bátìrì, wọ́n sì ti bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń gbé nítòsí. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Òkú bátìrì kan wà lẹ́yìn ilé mi. Méjì nínú àwọn tó ń ra ògbólógbòó bátìrì ti wá wò ó, wọ́n dá owó. Mo bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń kó o lọ, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn nínú wọn. Ó ṣì wà níbẹ̀.