Láti Ara Ewé Ẹ̀kọ Dé Ara Ife Bébà

Ife bébà kan wà lórí tábìlì mi bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo pè é ní ife bébà, ṣùgbọ́n bébà ti tán lára rẹ̀. Ohun tó kù kò ju ọ̀rá kan lọ, ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀. Síbẹ̀ ó ṣì dà bí ife, bí ẹ bá sì bu omi sí i, kò ní jò. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe dé ọwọ́ mi.

Níbi òkú àgbà kan ní Ìbàdàn, ọmọ àbúrò mi kan ń bá wọn pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó bu tèmi sínú ife bébà. Mo ní, "Ṣé ẹ ò lo ike mọ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá. Bébà nìyí. Bí ẹ bá sin ín sẹ́yìnkùlé yín, á jẹrà bí ewé." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Mo fi ife náà sápò, mo sì sin ín sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé mi. Òjò ọdún kan gbáko rọ̀ lé e lórí. Nígbà tí mo wá hú u, ohun tó wà lórí tábìlì yìí ni mo bá.

Inú kọ́kọ́ bí mi sí ọmọ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wádìí ọ̀rọ̀ wò, mo rí i pé kò purọ́ fún mi. Ẹni tó tà á fún un ni kò sọ ọ̀rọ̀ tán. Ọ̀rọ̀ tí onítọ̀hún kò sọ tán ọ̀hún sì gùn, ó lé ní igba ọdún. Òun ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Ìyá tó bí ìyá mi ń ta ẹ̀kọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwa ọmọ ilé la máa ń nu ewé eéran fún wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹ̀kọ bá jinná, wọ́n á máa bù ú, wọ́n á máa pọ́n ọn, wọ́n á tò ó sínú igbá kó lè tutù. Gbígbóná ni ẹ̀kọ ń wọ inú ewé, ewé kò sì ní ya. Omi kò ní jò, epo kò ní là á já, oúnjẹ á tún máa ta sánsán. Bí a bá jẹ ẹ́ tán, ewúrẹ́ á mú díẹ̀, ìyókù á lọ sí ààtàn. Bí òjò mélòó kan bá ti rọ̀, ó ti di ilẹ̀dú nìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ á sì gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí i. Àwọn àgbà ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ewé tó bá pẹ́ lára ilẹ̀ náà, ilẹ̀ ló ń dà.

Ẹ wo iṣẹ́ méjì tí ewé yẹn ń ṣe. Ó ń gba omi dúró nígbà tí a fẹ́ kó gbà á dúró. Nígbà tí a kò fẹ́ ẹ mọ́, ó ń jẹ́ kí omi àti ilẹ̀ borí òun. Iṣẹ́ méjèèjì yìí ni àwọn tó ń ṣe ohun ìdì oúnjẹ ti ń lé kiri. Bí ọwọ́ wọn bá ti tẹ ọ̀kan, èkejì á bọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí bébà. Àwọn kan rò pé ayé òde òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ohun àlòkù di bébà tuntun. Rárá o. Àkísà aṣọ ni wọ́n fi ń ṣe bébà nílẹ̀ òyìnbó láyé àtijọ́. Ilé iṣẹ́ bébà tí William Rittenhouse dá sílẹ̀ nítòsí Philadelphia ní 1690, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní àwọn ìlú tó wá di Amẹ́ríkà, àkísà ló ń gún. Nígbà tó yá, àkísà wọ́n, kò ká ọjà mọ́. Ní London, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Matthias Koops wá gba ìwé àṣẹ ìjọba ní 1800 pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń fọ tàdáwà kúrò lára ìwé àtijọ́ kí wọ́n tó fi ṣe bébà mìíràn. Ó tún ń fi koríko gbígbẹ ṣe bébà. Ọgbọ́n rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò tó. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò sì pẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà fi wó.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n rí ọ̀nà láti fi igi ṣe bébà, bébà wá pọ̀, ó sì pọ́ọ́kú. Ní 1852, Francis Wolle ní Pennsylvania ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣe àpò bébà, ṣùgbọ́n àpò náà kò ní ìdí pẹrẹsẹ, kò lè dá dúró. Obìnrin kan, Margaret Knight, ló wá ṣe ẹ̀rọ tó ń fi ìdí sí àpò. Ọkùnrin kan rí ẹ̀rọ náà níbi tí wọ́n ti ń bá obìnrin yìí rọ ọ́, ó sì sáré lọ gba ìwé àṣẹ lé e lórí. Knight gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, ó kó àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ó jàre, wọ́n sì fún un ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní 1871. Àpò tí wọ́n ń di búrẹ́dì sí títí di òní, ọmọ iṣẹ́ obìnrin yẹn ni.

Ṣùgbọ́n ohun gbígbẹ nìkan ni àpò bébà lè gbé. Bí omi bá kàn án, ọ̀rọ̀ bùṣe. Omi yìí ni ọ̀tá bébà, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ife irin kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń so mọ́ ibi omi mímu ní ilé ẹ̀kọ́ àti ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Amẹ́ríkà. Elérò mu ún, oníkọ́ mu ún, ọmọdé mu ún. Ní 1908, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Alvin Davison yẹ irú ife bẹ́ẹ̀ wò ní ilé ẹ̀kọ́, ó rí kòkòrò àrùn lára rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ní 1909, ìpínlẹ̀ Kansas fi òfin de ife àjùmọ̀mu. Àkókò náà ni Lawrence Luellen àti Hugh Moore ń ta ife bébà tí ènìyàn á fi mu omi lẹ́ẹ̀kan tí á sì jù ú nù. Láti 1919 ni orúkọ ife náà ti di Dixie. Ẹ má jẹ́ ká bú wọn o. Ẹ̀mí ni wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe ń gbà là.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é tí omi kò fi ba bébà jẹ́? Wọ́n fi ìda pa á lára, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là. Páálí wàrà tí John Van Wormer gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1915, ìda náà ni. Ṣùgbọ́n ìda kò fẹ́ràn ooru. Ẹni tó bá da tíì gbígbóná sí i á mu tíì, á mu àbẹ́là mọ́ ọn.

Ní 1933, Reginald Gibson àti Eric Fawcett ń dán nǹkan mìíràn wò nínú ilé iṣẹ́ ICI ní Northwich, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí wọ́n ń wá kọ́ ni wọ́n rí. Ohun funfun kan tó dà bí ìda ni wọ́n bá nínú ẹ̀rọ wọn. Ohun funfun yẹn ni ìyá ọ̀rá tó gba ayé kan lónìí. Lẹ́yìn ogun Hitler, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹ́ inú bébà. Ní Sweden, Ruben Rausing dá ilé iṣẹ́ Tetra Pak sílẹ̀ ní 1951, páálí bébà tí a tẹ́ ọ̀rá sí ni wọ́n ń rọ wàrà sí. Nígbà tó di 1965, ilẹ̀ Sweden yìí kan náà ni Sten Gustaf Thulin àti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti gba ìwé àṣẹ lórí àpò tó jẹ́ kìkì ọ̀rá, tí kò ní bébà kankan nínú. Ọ̀rá tí bébà ń pè wá ràn án lọ́wọ́ wá lé bébà jáde nínú ilé.

Ó tó kí ohun tó wà lórí tábìlì mi yé yín báyìí. Ọ̀rá fẹ́lẹ́ inú ife yìí ni kò jẹ́ kó jò. Òun náà ni kò jẹ́ kó jẹrà. Òun náà ni kì í jẹ́ kí ilé iṣẹ́ bébà lè tún un ṣe bọ̀rọ̀, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ ọ kúrò lára bébà. Ní oṣù kìíní 2018, ìgbìmọ̀ kan nínú Ilé Aṣòfin ilẹ̀ Britain sọ pé ife bébà bílíọ̀nù 2.5 ni wọ́n ń jù nù lọ́dún ní ilẹ̀ Britain, èyí tí wọ́n ń tún ṣe nínú rẹ̀ kò sì tó 1 nínú 100. Bí àwọn tó ní ẹ̀rọ ṣe ń ṣe é nìyẹn, kí la wá fẹ́ sọ nípa tiwa?

Nílé wa níbí, ìwé ìròyìn àná la fi ń di àkàrà àti bọ̀ọ̀lì lẹ́yìn ìgbà ewé. Tàdáwà á ràn mọ́ àkàrà, èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka ìròyìn lára rẹ̀. A ń fi ṣe ẹ̀rín nígbà náà. Àṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́. Ní nǹkan bí 2010, Koni Grob àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Zürich fi hàn pé epo inú tàdáwà ìwé ìròyìn máa ń wà lára páálí tí wọ́n fi ìwé àlòkù ṣe, ó sì ń wọ inú oúnjẹ gbígbẹ tó bá wà nínú rẹ̀. Bébà àlòkù dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yẹ kó fara kan oúnjẹ.

Lẹ́yìn ìwé ìròyìn, ọ̀rá dé. Ó mọ́, ó fúyẹ́, kò wọ́n. Ìyá mi tó jogún iṣẹ́ ẹ̀kọ náà fi ewé sílẹ̀, èmi gan-an ló sì ń bá wọn ra ọ̀rá náà wá láti ọjà. A ò bi ara wa léèrè ibi tó ń lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó ya wọ inú Ìbàdàn, ó sì gbé èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ. N kò ní sọ pé ọ̀rá ló fà á, òjò ọjọ́ náà kò kéré. Ṣùgbọ́n pàǹtí tí a dà sí ojú odò àti ilé tí a kọ́ sí ẹ̀bá rẹ̀ wà lára ohun tó dí omi lọ́nà. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ọ̀rá nínú gọ́tà, ọkàn mi kì í balẹ̀. Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Òótọ́ ni. Ààtàn gba ọ̀rá wa, ṣùgbọ́n kò rí i jẹ.

Ní oṣù kìíní 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àwọn fi òfin de abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ olóúnjẹ yíjú sí abọ́ bébà. Nítorí náà ló ṣe yẹ ká mọ ohun tí a ń rà.

Àwọn kan ń tẹ́ inú ife pẹ̀lú ọ̀rá mìíràn tí wọ́n ń pè ní PLA. Ara ṣúgà àgbàdo ni wọ́n sábà máa ń yọ ọ́. Ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe é bẹ̀rẹ̀ ní Blair, Nebraska, ní 2002. Ẹ gbọ́ ohun ìyanu: ásíìdì tí wọ́n fi ń ṣe é ni ásíìdì tó ń mú omi ògì kan. Bí ìyá àgbà bá mọ̀, wọn ìbá ti bèèrè owó ìmọ̀ràn. PLA ń jẹrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ààtàn tí wọ́n ń mú gbóná tó nǹkan bí 58 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló nílò. Ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní EN 13432, ti ọdún 2000, ní ohun ìdì tí a bá pè ní ajẹrà gbọ́dọ̀ fọ́ wẹ́wẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 12 nínú irú ààtàn gbígbóná bẹ́ẹ̀. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi kò gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn mìíràn ń fi háhá ìrèké mọ abọ́. Ó dára, ṣùgbọ́n epo ọbẹ̀ ń là á já, ni wọ́n bá po kẹ́míkà PFAS mọ́ ọn, èyí tí kì í kúrò nínú ilẹ̀ àti omi bọ̀rọ̀. Denmark fòfin dè é lára bébà oúnjẹ ní 2020. Ní oṣù kejì 2024, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ ní Amẹ́ríkà kéde pé wọn kò tà á mọ́ fún iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ àwọn. Ilé iṣẹ́ Notpla ní London ń fi ohun tí wọ́n yọ lára ewé inú òkun pa inú páálí oúnjẹ. Wọ́n gba ẹ̀bùn Earthshot lórí rẹ̀ ní 2022. Ẹ ò rí i? Wọ́n ti padà sídìí ewé.

N kò sọ pé kí gbogbo wa padà sí ewé eéran. Ìlú ti tóbi, igbó ti jìnnà, ewé pàápàá ti wọ́n. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a tó ra abọ́ tàbí ife, ká bi ẹni tó ń tà á ní ìbéèrè méjì: kí lẹ fi tẹ́ inú rẹ̀, irú ààtàn wo ló sì lè jẹ ẹ́? Bí kò bá lè dáhùn, bébà tó kọ sára rẹ̀ kò tíì tó.

Mo pe ọmọ àbúrò mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi ife náà hàn án. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó fi ọwọ́ fà á, kò ya. Ó ní, "Bàbá, wọ́n sọ fún mi pé bébà ni." Mo ní, "Bébà ni lóòótọ́. Bi wọ́n léèrè ìyókù." Ó mú ife náà, ó ní òun á gbé e lọ han ẹni tó tà á. Mo ní kó dá a padà fún mi tó bá ṣe tán. N kò tíì mọ ibi tí mo lè jù ú sí.