Ilé Aláràa Bùràsíìlì Gẹ́gẹ́ Bí Ibi Ìrántí: Láti Tinúbú Dé Àkúrẹ́

Ní 1956 ni ìjọba kéde Ilojo Bar, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláràa Bùràsíìlì kan ní Tinúbú l'Ékòó, gẹ́gẹ́ bí ibi ìrántí orílẹ̀-èdè. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855. Alfred Ọmọlọ́nà Ọláìyá rà á ní 1933, ó sì di ogún ìdílé tirẹ̀.

Àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú Bùràsíìlì bọ̀ ló mú irú ọnà ilé bẹ́ẹ̀ wá. Bùràsíìlì ni bíríkìlà àti káfíńtà wọn ti kọ́ṣẹ́, níbi tí àwọn Potogí ti ń sọ ọnà ilé Yúróòpù àtijọ́ dọ̀tun. Orí ilẹ̀kùn àti fèrèsé a máa tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè. Òdòdó tí a fi símẹ́ńtì yọ a máa yí i ká. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan a la àárín ilé já, yàrá lọ́tùn-ún lósì. Mọ́sálásí Shitta-Bey l'Ékòó, tí João Baptista da Costa jẹ́ ọ̀gá oníṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ṣí ní 1894, fi hàn pé ọnà yìí kò mọ sí ẹ̀sìn kan. Nígbà tí owó kòkó dé, ọnà náà wọ Oǹdó, Àkúrẹ́ àti Iléṣà. Bíríkìlà ìlú gbà á mọ́wọ́: amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ògiri, kí wọ́n tó fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ.

NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ibi ìrántí, ló ń dábàá ilé fún ìkéde. Lábẹ́ òfin 1979 tó dá àjọ náà sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó ilé tí a ti kéde láìgba àṣẹ. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó Ilojo Bar palẹ̀. Àdánù ńlá ni. Òfin wà, ṣùgbọ́n ìdílé ló ni ilé, ilẹ̀ Tinúbú sì wọ́n bí ojú. Ìkéde nìkan kò lè tún òrùlé ṣe, kò sì lè parí ọ̀rọ̀ láàárín àwọn àrólé.

Ààfin àtijọ́ Déjì, ọba Àkúrẹ́, tí ìjọba kéde ní 1990, yàtọ̀ sí Ilojo Bar. Kì í ṣe aláràa Bùràsíìlì: ilé amọ̀ ni, tí àwọn àgbàlá rẹ̀, tí Àkúrẹ́ ń pè ní ùà, so kọ́ra, tí oríṣiríṣi iṣẹ́ sì wà fún wọn. Ùà Ùbúra, fún àpẹẹrẹ, ni wọ́n ti ń búra. Ipò ọba ló ni ààfin, nítorí náà kò sí àrólé tó lè pín in tà.

Ilé àwọn olówó kòkó kò ní irú ààbò yẹn. Ìgboro Àkúrẹ́ ti fẹ̀ wọ ìlú Ọ̀bà-Ilé ìtòsí rẹ̀, ilẹ̀ sì ń gbówó lórí. Ó tọ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí: kí wọ́n ya fọ́tò ilé, kí wọ́n wọn yàrá rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ sílẹ̀, kí wọ́n sì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò máa náwó sí àtúnṣe. Páànù tó ń jò ló yẹ kí owó àkọ́kọ́ lọ sí, torí tí omi bá ti wọ ògiri amọ̀, símẹ́ńtì ara rẹ̀ yóò ṣí, òdòdó ojú fèrèsé yóò sì bá a lọ.