Bí Ọkọ̀ Bá Kọ̀ Tí Kò Ṣiṣẹ́: Ẹ Kọ́kọ́ Wádìí Epo

Ọ̀pọ̀ ará ìlú ni ó ti ra bátìrì tuntun nígbà tí ó jẹ́ pé epo ni kò dé inú ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyí tí a fi ṣe àlàyé yìí fún ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ tí ń lo bẹntiróòlù, kí ẹ lè mọ ibi tí àìsàn wà kí ẹ tó náwó.

Ẹ fetí sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá yí rárá, bátìrì tàbí sítátà ni kí ẹ fura sí. Bí ó bá ń yí dáadáa tí kò sì jí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ epo, tàbí iná púlọ́ọ̀gì.

Òṣùwọ̀n epo tí ó wà níwájú awakọ̀ a máa parọ́. Ẹ bu lítà márùn-ún sí i kí ẹ tó ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni, pàápàá bí ọkọ̀ bá wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí epo díẹ̀ lè ṣàn kúrò lẹ́nu pọ́ńpù. Láti ìgbà tí a ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà á, a sì mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n epo inú táǹkì ni ó ń tu pọ́ńpù lára. Bí ó bá ń gbẹ lójoojúmọ́, pọ́ńpù kì í pẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pa rédíò, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ títí iná dáṣíbọọ̀dù yóò fi tàn, láìsí pé ẹ sítáàtì ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nǹkan yóò hùn lọ́wọ́ ẹ̀yìn fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Pọ́ńpù epo nìyẹn. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, ẹ má tíì ra òmíràn. Ẹ yẹ fíúùsì rẹ̀ wò, kí rẹwáyà sì yẹ rìléè wò. Owó àwọn wọ̀nyí kéré. Bí fíúùsì tuntun bá tún jó, wáyà ti ń kan ara wọn níbì kan. Ẹ má fi èyí tí agbára rẹ̀ jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, nítorí ó lè dá iná sílẹ̀.

Pọ́ńpù lè máa hùn kí agbára rẹ̀ má sì tó. Ẹ ní kí mẹkáníìkì fi gééjì wọ̀n ọ́n kí ó tó tú ohunkóhun, kí ó sì wo asẹ́ epo àti nọ́sù.

Bí ó bá jẹ́ pé kété tí ẹ kúrò nílé epo ni ìṣòro bẹ̀rẹ̀, ẹ fura sí epo náà. Ní ọdún 2022, bẹntiróòlù tí èròjà methanol inú rẹ̀ pọ̀ ju ìwọ̀n lọ wọ orílẹ̀-èdè wa. Omi náà a máa wọ epo: bí mẹkáníìkì bá bu díẹ̀ sínú ìgò funfun, omi yóò lọ sísàlẹ̀. Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Àjọ NMDPRA ni ó ń mójú tó àwọn ilé epo.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu fa epo, tàbí kí ó da epo sínú ẹ́ńjìnnì láti fi jí i. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì gbé epo mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì mú kí ó bì, nítorí epo lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ ní kíá.