Kí ni ẹ máa ń ṣe lójoojúmọ́? Bí a ṣe ń béèrè rẹ̀, tí a sì ń dáhùn rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tó bá lè sọ aago tó máa ń jí, iṣẹ́ tó ń ṣe àti ìgbà tó máa ń sùn lédè Gẹ̀ẹ́sì, tó sì lè béèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ti fi ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ nínú èdè náà.

Ìbéèrè wọ̀nyí kò mọ sí inú kíláàsì nìkan. Dókítà máa ń bi aláìsàn, agbanisíṣẹ́ máa ń bi ẹni tó ń wá iṣẹ́, olùdánwò sì máa ń bi ẹni tó fẹ́ lọ bá ọkọ tàbí aya rẹ̀ lókè òkun.

Ọ̀pọ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà ló ti ń gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré. Ṣùgbọ́n ní Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, àti ní Atakpamé ní Tógò, èdè Faransé ni èdè ìjọba. Ẹni tó kàwé níbẹ̀ lè dàgbà tán kí òwò tàbí ìrìnàjò tó sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì di dandan fún un.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ibi tí èdè Yorùbá ti lè ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, àti ibi tó ti lè ṣì í lọ́nà.

Kí ló dé tí ìbéèrè yìí fi ṣe pàtàkì?

Ní ọdún 2001, Council of Europe gbé ìlànà kan jáde tó pín ìmọ̀ èdè sí ìpele mẹ́fà: A1, A2, B1, B2, C1 àti C2. A1 ni ìpele ìbẹ̀rẹ̀. Lára ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ ẹni tó wà níbẹ̀ ni pé kó lè béèrè ìbéèrè kéékèèké lórí ohun tó mọ̀ dáadáa, kó sì lè dáhùn wọn. Kò sì sí ohun tí ènìyàn mọ̀ ju bí ọjọ́ tirẹ̀ ṣe ń lọ.

Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2010 ni ìjọba UK ti ń béèrè pé kí ọ̀pọ̀ ọkọ tàbí aya tó fẹ́ lọ bá ẹnì kejì wọn níbẹ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé àwọn lè sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì gbọ́ ọ, ó kéré tán ní ìpele A1. Ọ̀rọ̀ kékeré tí ènìyàn ṣì sọ lè wá di ohun tó ń dí ìdílé lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó dá dúró: ibi tí èdè méjèèjì ti yapa

Bí Yorùbá bá sọ pé "Mo lọ sí ọjà," ìrìnàjò náà ti parí. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá sọ pé "I go to the market," kò sí ìrìnàjò kan pàtó tó ń sọ, ohun tó máa ń ṣe ló ń sọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó dá dúró, tí kò sí ohunkóhun níwájú rẹ̀, kì í tọ́ka sí ìgbà kan náà nínú èdè méjèèjì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo mẹ́ta wọ̀nyí:

• Mo lọ sí ọjà: "I went to the market."
• Mo ń lọ sí ọjà: "I am going to the market."
• Mo máa ń lọ sí ọjà: "I go to the market."

"Máa ń" ni àmì ìṣe bárakú ní Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ kan tó ń lò bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀ bó ṣe wà ni. Nítorí náà, níbikíbi tí "máa ń" bá ti yẹ ní Yorùbá, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ronú kan ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò ní "am" níwájú, tí kò sì ní "ing" lẹ́yìn.

Àwọn kan máa ń sọ pé "I am going to the market every day" nítorí pé "ń" nìkan náà lè tọ́ka sí ìṣe bárakú ní Yorùbá, bíi nínú "Mo ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì." Ní Gẹ̀ẹ́sì, "I work in a bank" ló yẹ níbẹ̀.

Àṣìṣe tirẹ̀ máa ń gba ọ̀nà kejì fún ẹni tó ti Faransé wá. Ní Faransé, "je vais au marché" lè jẹ́ "mo ń lọ" tàbí "mo máa ń lọ." Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè wà lójú ọ̀nà ọjà kó sì máa sọ lórí fóònù pé "I go to the market." Ẹni tó ń gbọ́ ọ kò ní mọ̀ pé ó ti kúrò nílé.

"Do" àti "does" ń ṣe iṣẹ́ "ṣé"

Ní ti ìbéèrè, Yorùbá ti ní ohun tó lè fi ṣe àtìlẹ́yìn. Bí "ṣé" ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, bẹ́ẹ̀ ni "do" àti "does" náà máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀:

• Ṣé o máa ń mu tíì? "Do you drink tea?"
• Ṣé wọ́n máa ń tètè sùn? "Do they sleep early?"
• Ṣé ó máa ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé? "Does she work on Saturdays?"

"Est-ce que" tí àwọn tó gbọ́ Faransé mọ̀ ń ṣe iṣẹ́ yìí kan náà. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ pàápàá kì í lò "do" báyìí. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni lílò rẹ̀ nínú ìbéèrè ti ń gbilẹ̀, títí ó fi di ọ̀ranyàn.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé "ṣé" kì í yí padà, ṣùgbọ́n "do" máa ń di "does" bí olùwà bá jẹ́ ẹnìkẹta ẹyọ, ìyẹn "he," "she" tàbí "it."

Lẹ́tà "s" yìí dà bí ẹrù tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbé. Nínú "He wakes up at six," ọ̀rọ̀-ìṣe ló gbé e. Bí "does" bá ti dé, òun ló gba ẹrù náà, ọwọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe sì ṣófo: "Does he wake up at six?" Ẹni tó bá sọ pé "Does he wakes up?" ti di ẹrù kan náà ru ènìyàn méjì.

Bákan náà ló rí bí a bá fẹ́ sọ pé nǹkan kì í ṣẹlẹ̀. "Kì í" ni Yorùbá ń lò. "Don't" àti "doesn't" ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò:

• Èmi kì í jẹ ẹja: "I don't eat fish."
• Kì í jẹ ẹja: "He doesn't eat fish."

Ẹ kíyèsí i pé kò sí "ó" nínú gbólóhùn Yorùbá kejì. Gẹ̀ẹ́sì kò gba irú àìsí bẹ́ẹ̀. "He" tàbí "she" gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Aago mélòó, níbo àti ta ni

Bí ìbéèrè bá ní ọ̀rọ̀ bíi "what time," "where" tàbí "how," ọ̀rọ̀ náà ló máa ṣíwájú, kí "do" tàbí "does" tó tẹ̀lé e:

• Aago mélòó ni ẹ máa ń jí? "What time do you wake up?"
• Níbo ló ti máa ń jẹun ọ̀sán? "Where does he eat lunch?"
• Báwo ni ẹ ṣe máa ń dé ibi iṣẹ́? "How do you get to work?"

Nítorí pé kò sí "ṣé" nínú gbólóhùn Yorùbá wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé "do," wọ́n a sì sọ pé "What time you wake up?"

"Who" máa ń yọ ara rẹ̀ sílẹ̀, bí òun fúnra rẹ̀ bá jẹ́ olùwà. "Ta ló máa ń se oúnjẹ?" ni "Who cooks?" Kò sí "does" níbẹ̀.

Ìbéèrè kan tún wà tó máa ń ru ènìyàn lójú: "What do you do?" Iṣẹ́ òòjọ́ ẹni ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe ohun tó ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́. "I sell cloth" tàbí "I am a tailor" ni irú èsì tí wọ́n ń retí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ọwọ́ ẹlòmíràn wà lẹ́nu rẹ̀ yóò béèrè pé "What are you doing?"

"Yes" kì í fìgbà gbogbo jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni"

Èyí ló léwu jù. Ká ní dókítà kan béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà pé: "Don't you take your medicine in the morning?" Ìyẹn ni pé, "Ṣé ẹ kì í lo oògùn yín láàárọ̀ ni?"

Bí ìyá náà kì í bá lò ó, Yorùbá yóò jẹ́ kó dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni," torí pé òótọ́ ni ohun tí dókítà sọ. Bó bá wá túmọ̀ rẹ̀ sí "Yes," dókítà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá ń lo oògùn déédéé. Ó lè tìtorí bẹ́ẹ̀ fi kún ìwọ̀n oògùn náà.

Yorùbá máa ń wò ó bóyá ọ̀rọ̀ tí olùbéèrè sọ jẹ́ òótọ́. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń wò ni bóyá nǹkan náà máa ń ṣẹlẹ̀. Bó bá máa ń ṣẹlẹ̀, "Yes, I do." Bí kì í bá ṣẹlẹ̀, "No, I don't." Bí wọ́n ṣe gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ kò yí èyí padà.

Ní Nàìjíríà, àwọn méjì tó gbọ́ Yorùbá lè fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ bíi ti Yorùbá, kí wọ́n sì gbọ́ra yé. Ní ilé ìwòsàn òkèèrè, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ohun tó dára jù ni kí ènìyàn má fi "Yes" tàbí "No" sílẹ̀ lásán. Kó fi gbólóhùn kún un: "No, I don't take it in the morning. I take it at night."

"Ní" kan ṣoṣo, "at," "on" àti "in"

Yorùbá ń lo "ní" fún aago, ọjọ́ àti àkókò. Gẹ̀ẹ́sì pín iṣẹ́ yìí fún mẹ́ta:

• Aago ń gba "at": "at five o'clock."
• Ọjọ́ ń gba "on": "on Monday."
• Oṣù, ọdún àti apá ọjọ́ ń gba "in": "in March," "in 2010," "in the morning." Ṣùgbọ́n "at night" yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí nǹkan ṣe ń wáyé sí kò nira. "Always" ni ìgbà gbogbo, "usually" ni lọ́pọ̀ ìgbà, "sometimes" ni nígbà mìíràn. Ibi tí "máa ń" máa ń jókòó sí, láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe, ni àwọn náà ń jókòó sí: "I usually walk to work." "Never" ti ní "kì í" nínú, nítorí náà kò tún fẹ́ "don't" mọ́: "She never drinks coffee."

Ìyá ẹni kì í ṣe "they"

Ọmọ Yorùbá kì í pe ìyá rẹ̀ ní "ó." "Wọ́n máa ń jí ní aago mẹ́rin" ni yóò sọ. Bó bá túmọ̀ rẹ̀ sí "They wake up at four," ẹni tó ń gbọ́ ọ yóò rò pé ènìyàn púpọ̀ ló ń jí. Níwájú òṣìṣẹ́ tó ń béèrè iye ènìyàn tó ń gbé inú ilé, èyí lè dá ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ìyá, nítorí náà "She wakes up at four." Kò sí àrífín nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "you" ṣe dúró fún "o" àti "ẹ." Inú ohùn àti ọ̀rọ̀ bíi "please," "sir" tàbí "madam" ni Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbé ọ̀wọ̀ sí.

Àpẹẹrẹ ìfọ̀rọ̀wérọ̀

Obìnrin oníṣòwò kan láti Kútọnu àti oníbàárà rẹ̀ ní Accra lè bára wọn sọ̀rọ̀ báyìí:

– "What time do you open your shop?" (Aago mélòó ni ẹ máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù yín?)
– "I open at eight in the morning." (Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo máa ń ṣí i.)
– "Do you work on Sundays?" (Ṣé ẹ máa ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú?)
– "No, I don't. I go to church." (Rárá o. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń lọ.)
– "Who helps you?" (Ta ló máa ń ràn yín lọ́wọ́?)
– "My sister. She comes on Fridays." (Àbúrò mi obìnrin ni. Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wá.)

Ẹni tó fẹ́ tètè mọ̀ ọ́n lè mú ìṣe kan ṣoṣo lójúmọ́, kó sì sọ ọ́ lọ́nà mẹ́rin: kó sọ ọ́ nípa ara rẹ̀, kó fi bi ẹlòmíràn, kó ròyìn ẹni náà fún ẹnì kẹta, kó sì sọ ẹni tí kì í ṣe é. "I wake up at five. Do you wake up at five? He wakes up at five. She doesn't wake up at five." Gbólóhùn mẹ́rin yìí ti kó "do," "doesn't" àti lẹ́tà "s" já. Bó bá di ọjọ́ kejì, kó mú ìṣe mìíràn.