Bí Ilẹ̀ Ẹstóníà Ṣe Wọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù

Ilẹ̀ kékeré ni Ẹstóníà, ní etí òkun Baltic; àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, Rọ́ṣíà ńlá sì ni aládùúgbò wọn ní ìhà ìlà-oòrùn. Ní ọdún 1918 ni wọ́n kéde òmìnira wọn. Ní 1920 ìjọba Rọ́ṣíà fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ìlú Tartu pé òun gbà á bẹ́ẹ̀. Ogún ọdún péré ni àdéhùn náà fi dúró. Ní 1940 àwọn ọmọ ogun ìjọba Kọ́múnísì wọlé, wọ́n sì sọ ilẹ̀ náà di apá kan Ìṣọ̀kan Sófíẹ́tì. Ní oṣù kẹta ọdún 1949, wọ́n kó ènìyàn tí ó ju 20,000 lọ sí ìgbèkùn ní Siberia. Obìnrin àti ọmọdé ni púpọ̀ nínú wọn.

Kì í ṣe ìbọn ni wọ́n fi gba ara wọn. Láti 1869 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún orin. Ní 1988, orin ni wọ́n fi béèrè òmìnira ní Tallinn, olú-ìlú wọn. Nígbà tí ó di 20 oṣù kẹjọ ọdún 1991, òmìnira náà padà bọ̀ sípò. Ní 1994 ni àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà sì jáde tán.

Òǹkàwé lè bi wá pé: ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú ìṣọ̀kan kan, kí ni ó tún ń wá nínú òmíràn? Àwọn ará Ẹstóníà bi ara wọn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i ní 1940 pé àdéhùn láàárín ẹni kékeré àti ẹni ńlá kò lágbára bí kò bá sí ẹlẹ́rìí tí yóò dúró tì í. Nítorí náà, ní 1995 wọ́n kọ̀wé béèrè àyè nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ní 1998 ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà náà kò tẹ́jú. Wọ́n ní láti tún òfin wọn ṣe, láti orí òwò títí dé orí oko. Èyí tí ó le jù ni ọ̀ràn àwọn elédè Rọ́ṣíà tí wọ́n dé ní àkókò Sófíẹ́tì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jẹ́ ọmọ onílùú níbi kankan. Ní 1998 a tún òfin ṣe kí àwọn ọmọ wọn tí a bí ní ilẹ̀ náà lè di ọmọ onílùú. Síbẹ̀, nígbà tí a dìbò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, àwọn àgbà tí kò jẹ́ ọmọ onílùú kò ní ìbò. A kò lè pa èyí mọ́ fún òǹkàwé.

Nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò, bí 67 sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2004, Ẹstóníà wọlé pẹ̀lú ilẹ̀ mẹ́sàn-án mìíràn. Ní 2011 ó gba owó euro.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ tàn yín jẹ. Ìṣọ̀kan ni a pe méjèèjì. Sójà ni ó ṣí ilẹ̀kùn ti àkọ́kọ́. Ti èkejì, wọ́n kàn án, wọ́n sì dúró fún ohun tí ó ju ọdún mẹ́jọ lọ. Gẹ̀ẹ́sì náà jáde nínú rẹ̀ ní 2020, a kò yìnbọn sí i. Ní ọjọ́ ìdìbò Ẹstóníà, bí 33 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sọ pé rárá; ilé wọn ni wọ́n sì sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà.